Ọmọ òrukàn ni mí: ṣé ìfẹ́ ni mò ń wá ni, àbí ilé tí mo lè pè ní tèmi?

Òjò_Ìdájí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kàn dá sí i rí ni. Lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Màmá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 9. Bàbá mi náà tẹ̀ lé wọn kí n tó pé 12. Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ló gbà mí sọ́dọ̀. Wọ́n bọ́ mi, wọ́n rán mi nílé ìwé, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń gbé ilé ẹni ẹlẹ́ni. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ará ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti gbọ́ pé ẹnìkan ń bọ̀, mo ti dìde nìyẹn, mo ti wá iṣẹ́ kan mú lọ́wọ́, kí wọ́n má baà bá mi níjokòó. Mo ti pé 24 báyìí, mo ń ṣiṣẹ́, mò ń gba owó oṣù, síbẹ̀ mo ṣì ń dìde.

Ọkùnrin kan wà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti mọra. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, ó sì fẹ́ kó yá. Ìdílé wọn pọ̀, ẹ̀rín kì í tán nílé wọn, ìyá rẹ̀ a sì máa pè mí ní "ọmọ mi". Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá yẹn pè mí bẹ́ẹ̀, inú bálùwẹ̀ ni mo sá lọ láti lọ sunkún. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyí: mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ni mo nífẹ̀ẹ́, àbí ìyá rẹ̀ àti ariwo ilé wọn. Ó tún ti sọ pé tí a bá ti ṣègbéyàwó, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun á máa gbọ́ bùkátà mi. Àǹtí mi ní kí n má ronú sí i rárá, pé irú mi kì í rí irú èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò lè sùn nítorí gbólóhùn yẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Abẹ́rẹ́_Òwú

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ dídìde yẹn wọ̀ mí lára, torí pé èmi náà dìde títí tí mo fi di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò níyàá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí ọmọ náà ṣe ń ṣe é tí kì í fi í dá egbò ọ̀hún. A máa ń ṣọ́ra ni. A ò ní béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. A máa ń dúpẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá bu omi fún wa, ó kù díẹ̀ ká fi ayé wa san án padà. Ọkùnrin tó bá wá rẹ́rìn-ín sí wa, ọpẹ́ yẹn náà la máa ń kó fún un, a ó sì pe ọpẹ́ ní ìfẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ. Ṣé o ti bínú sí i rí níṣojú rẹ̀? Mi ò sọ pé kí o dákẹ́ kí o wá lọ sunkún o. Mo ní kí o wò ó lójú, kí o sọ pé "èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn". Bí o kò bá tíì ṣe é rí, o kò tíì mọ ẹni tí o fẹ́ fẹ́, òun náà ò sì tíì mọ̀ ọ́.

Bàbá_Olóòótọ́

Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn àwọn òbí rẹ. Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ọmọ yìí jẹ. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ ọ, kò fi ọ́ ṣeré, ìdílé rẹ̀ sì gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Kí lo tún ń wá? Mélòó lára àwọn tó ní bàbá àti ìyá ló rí bẹ́ẹ̀? Òmìnira ò lè se omi gbígbóná fún ọ lọ́jọ́ tí ara rẹ ò bá yá. Ẹni tí kò lóbìí, ọkọ ni òbí rẹ̀. Fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ò ní sá lọ.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. "Ọkọ ni òbí rẹ̀" gan-an ni ibi tí ewu wà. Ẹni tó bá jẹ́ òbí rẹ, o kò ní lè jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹgbẹ́. Ọkọ yẹ kó jẹ́ ẹni tí o lè bá jiyàn.

Lẹ́nu iṣẹ́ mi, a ní fọ́ọ̀mù kan tí aláìsàn máa ń kọ kí a tó fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Àyè kan wà níbẹ̀ fún orúkọ ẹni tí a lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ti rí àwọn obìnrin tó dé àyè yẹn, tí wọ́n dá bírò dúró. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, orúkọ ọkọ, ó sì lè jẹ́ pé ọkọ yẹn náà ló fà á tí wọ́n fi wà níwájú mi lóru. Wọ́n á yí bírò náà lọ́wọ́, wọ́n á yí i, wọ́n á ní "nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó ṣófo".

Òjò_Ìdájí, mi ò sọ pé ọkùnrin tìrẹ rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kí o ronú: yàtọ̀ sí i, ta lo lè kọ síbẹ̀? Bí kò bá sí, wá wọn ṣáájú ìgbéyàwó. Ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́, olùkọ́ rẹ àtijọ́, aládùúgbò kan. Ẹni méjì ti tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé_Àtijọ́

Ẹ ní sùúrù fún mi, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí rán mi létí Eleanor Roosevelt, ìyàwó Franklin Roosevelt tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. Bí obìnrin ńlá làwọn èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ òrukàn ni. Wọ́n bí i ní 1884. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kejìlá 1892, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ tó fẹ́ràn jù láyé kú ní oṣù Kẹjọ 1894. Kò tíì pé ọmọ ọdún 10 nígbà yẹn. Ìyá ìyá rẹ̀ ló gbà á.

Ní 1899 wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ẹ̀kọ́ Allenswood, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Marie Souvestre, rí i pé ọmọ yìí ní làákàyè. Ó ń mú un rìnrìn àjò lákòókò ìsinmi, ó sì ń fi gbogbo ètò ìrìn náà sílẹ̀ fún un: tíkẹ́ẹ̀tì, àkókò ọkọ̀ ojú irin, ẹrù dídì. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ti ń gbé kiri bí àpótí láti ilé kan dé òmíràn, òun ló wá ń mú àgbàlagbà lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ayé rẹ̀ ti yí padà, kì í ṣe nílé ọkọ.

Torí pé ó lọ́kọ lóòótọ́. Ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, 1905 ni ìgbéyàwó náà, ọmọ 20 ọdún ni. Àbúrò bàbá... rárá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Theodore Roosevelt, tó wà lórí oyè ààrẹ nígbà yẹn, ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ti ní ọkọ, ó ti ní ìdílé ńlá, ó ti ní ìyá ọkọ tó ń ṣètò gbogbo nǹkan. Ìyá ọkọ yẹn, Sara, kọ́ ilé méjì tó fara kanra sí New York, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún wọn, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn láàárín méjèèjì. Wọ́n kó wọ ibẹ̀ ní 1908. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Eleanor jókòó níwájú tábìlì ìmúra rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọkọ bi í léèrè kí ló dé. Ó ní òun ò fẹ́ máa gbé ilé tí kì í ṣe tòun lọ́nàkọnà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ó ti tó ẹni 40 ọdún kí ibì kan tó di tirẹ̀: ilé kékeré kan ní Val-Kill, ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n kọ́ ní 1925 fún òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin méjì. Ní 1927, òun àwọn ọ̀rẹ́ yẹn jọ ra ilé ẹ̀kọ́ Todhunter, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ló wá ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, 1948. Abala 16 ní kò gbọdọ̀ sí ìgbéyàwó àfi tí àwọn méjèèjì tó fẹ́ fẹ́ra bá gbà á tinútinú, láìsí pé ẹnikẹ́ni fipá mú wọn.

Àbúrò mi, ilé tí ẹlòmíì ti ṣètò tán dè ọ́, bó ti wù kí ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ tó, ó ṣì lè jẹ́ ilé ẹni ẹlẹ́ni.

Òjò_Ìdájí

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún un kà. Ẹ ṣé gan-an ni.

Àǹtí Abẹ́rẹ́_Òwú, ìdáhùn sí ìbéèrè yín ni rárá. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni rí níṣojú rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Bí mo bá fẹ́ bínú, ọ̀fun mi á dì pa. Ìyẹn ló wá ń bà mí lẹ́rù báyìí. Ṣé kì í ṣe pé ọkàn mi ti bàjẹ́? Bóyá ẹni tí kò bá rí ìfẹ́ òbí nígbà tó yẹ, kò lè dá ìfẹ́ gidi mọ̀ mọ́ láéláé.

Olùkọ́_Jẹ́lé-ó-sinmi

Rárá o, ọmọ dáadáa. Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́, mo sì ti ka díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1951, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Bowlby, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ọmọdé nílò ẹnìkan tó dúró tì í pẹ̀lú ọ̀yàyà láì yẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ tàbí ẹni tó dúró bí ìyá. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìyẹn, wọ́n sì rò pé tí kò bá ti sí, ó parí nìyẹn. Kò parí. Lẹ́yìn tí ìjọba àtijọ́ ṣubú ní Romania ní 1989, ayé rí bí àwọn ọmọ ṣe pọ̀ tó nínú ilé ìtọ́jú wọn, tí kò sí ẹni tó ń gbé wọn mọ́ra. Àwọn onímọ̀ lọ sí Bucharest, olú ìlú Romania, wọ́n yan ọmọ kéékèèké 136, wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ ìdílé alágbàtọ́, ìdajì kejì wà lábẹ́ ìtọ́jú tó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé, pàápàá àwọn tí wọ́n tètè gbé lọ, kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọkàn tán èèyàn ju àwọn yòókù lọ.

Ìwọ wá ńkọ́? Ọdún 9 gbáko lo fi wà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ohun tí wọ́n fi sínú rẹ ní ọdún wọ̀nyẹn, wọn ò gbé e lọ sí sàréè. Ọ̀fun rẹ tó ń dì pa, àṣà tí o kọ́ kí o lè rí ibi sùn láìsí wàhálà ni. Ohun tí èèyàn bá kọ́, ó lè fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní lé ọ jáde bí o bá ṣì í sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti orí nǹkan kékeré. Bí wọ́n bá bi ọ́ ibi tí o fẹ́ jókòó, má sọ pé ibikíbi. Sọ ibì kan.

Kọ́kọ́rọ́_Méjì

Ọmọ òrukàn ni ìyàwó mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú ọkọ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ra, kò sí ohun tí mo bi í tí kò ní dáhùn pé "èyí tó bá wù yín". Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ẹ̀rù ni. Lọ́jọ́ tó wo aṣọ fèrèsé tí mo rà tó ní "kò dára, ẹ lọ dá a padà", inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo dá a padà. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti dé ilé.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn wá. Tí mo bá ní kí ìyàwó mi fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ì bá fi í sílẹ̀ láì jiyàn. Ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ rí nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé o kò lè kọ nǹkan, tó bá fẹ́ràn rẹ, kò ní béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọkùnrin tìrẹ ò mọ̀. Bi í ní ìdí, kí o wá dákẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ìdí tó bá sọ á fi ibi tí ọkàn rẹ̀ wà hàn ọ́.

Bàbá_Olóòótọ́

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Mi ò kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi: kò dára kí èèyàn dá wà, òmìnira tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ìyà ni. Àmọ́ nígbà tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ilé, nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà.

Ilé ẹjọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ, ọwọ́ ta ló wà? Ìwé ẹ̀rí ikú bàbá àti ìyá rẹ ńkọ́? Bí bàbá rẹ bá ní àkáǹtì, tàbí owó kan níbi iṣẹ́, ta ló bá wọn gbà á? Mi ò fẹ̀sùn kan àǹtí rẹ o, ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn tó dàgbà láì fojú kan ìwé kan ṣoṣo tó sọ pé ọmọ báyìí ni òun, àwọn báyìí ló bí òun. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣègbéyàwó tàbí kí wọ́n gba ìwé ìrìnnà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré. Lọ bá àǹtí rẹ, kúnlẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, kí o wá béèrè. O lè ṣe méjèèjì pa pọ̀.

Abẹ́rẹ́_Òwú

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Àbúrò mi, gba èyí o.

Òjò_Ìdájí

Mo ti padà dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Mo bá àǹtí mi sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, mo sì béèrè àwọn ìwé náà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá àwọn ṣe mí ní nǹkan ni. Ọ̀fun mi fẹ́ dì pa. Mo sọ ọ́ náà. Mo ní "ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan mà, ṣùgbọ́n gbólóhùn irú mi tí ẹ sọ yẹn dùn mí". Wọ́n wò mí bí ẹni pé wọn ò rí mi rí. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé àpò ìwé kan jáde, gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀, wọ́n tọ́jú ẹ sínú ọ̀rá kó má baà tutù. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé àwọn lè kú kí n tó rí ẹni tó máa dúró tì mí. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Kò tíì pa á rẹ́ nínú mi. Ṣùgbọ́n a jókòó pọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì ń sọ ìtàn màmá mi fún mi, àwọn nǹkan tí mi ò gbọ́ rí.

Ọkùnrin náà ńkọ́? Mo bi í ní ìdí tó fi fẹ́ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì dákẹ́. Ó ní ìyá òun ń dàgbà, wọ́n nílò ẹni tó máa wà nílé pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́, òun sì rí i pé èmi àti ìyá òun mọwọ́ ara wa. Òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀ pé ó dára kí èèyàn fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé nígbà tó ń sọ ọ́, orúkọ mi ò wọ inú ọ̀rọ̀ náà bí kò ṣe bí ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ kan. Mo sọ fún un pé mi ò ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ dá ọjọ́ ìgbéyàwó báyìí. Ó bínú. Ó pa dà wá lẹ́yìn náà, ó ní òun á dúró, ká jọ ronú nípa bí a ṣe máa tọ́jú ìyá òun. A ṣì ń sọ̀rọ̀. Mi ò tíì mọ ibi tó máa já sí.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti rí yàrá kan. Kò tóbi. Fèrèsé kan ló ní, ilé ìdáná rẹ̀ há. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa sanwó. Àǹtí mi ní àwọn á bá mi kó ẹrù lọ.

Olùkọ́_Jẹ́lé-ó-sinmi

O sọ ọ́! O sọ ọ́ níṣojú wọn! Mo pariwo débi pé ọmọ mi sáré wọlé.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Mo kí ọ kú oríire, ọmọ ìyá mi. Bí onílé bá gbé fọ́ọ̀mù wá, tí wọ́n sì béèrè ẹni tí wọ́n lè pè, mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí ọ níkọ̀kọ̀. Òru tàbí ọ̀sán, màá gbé e.

Bàbá_Olóòótọ́

Kí o tó sanwó, gbọ́. Ka ìwé àdéhùn náà tán láti òkè délẹ̀, kí orúkọ tìrẹ gan-an wà lórí rẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ọkùnrin kankan sí i nítorí pé obìnrin ni ọ́. Gba rìsíìtì. Yí àgádágodo ilẹ̀kùn padà lọ́jọ́ kan náà tí o bá wọlé, torí o kò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o sì fi ẹ̀dà kan kọ́kọ́rọ́ tuntun sọ́dọ̀ àǹtí rẹ.